Bí Màmá Àgbà Ṣe Múra De Iná Òfúrufú

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ló dẹ́rù ba ìyá bàbá mi tó fi ní òun ò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́, èmi ni. Mo ti ń sá fún ẹ̀sùn yìí láti kékeré. Mo ti di ẹ̀bi rẹ̀ ru rédíò, mo ti dì í ru bàbá mi, mo tilẹ̀ ti dì í ru Bọ̀dá Rábíù, télọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà báyìí, irun mi ti funfun, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ẹnu mi ló kó bá wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ó sì dá mi lójú pé kò sí ohun tí bàbá mi mọ̀ tí èmi náà ò mọ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni à ń gbé ní Sùúrùlérè, kò jìnnà sí Ojú Ẹlẹ́gbà, a sì máa ń gbọ́ ohùn àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ láti ojú fèrèsé, tí wọ́n ń pe Yábàá, tí wọ́n ń pe Muṣin, bí ẹni pé àwa náà fẹ́ jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Màmí ti ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ Bọ̀dá Rábíù ti ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri pálọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa rédíò yẹn pátápátá. A kàn lè rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó máa kùn ni. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Yábàá, Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì sí ohun tí kì í ṣàlàyé. Tí ọmọrí ìkòkò bá ń jó lórí iná, á ṣàlàyé. Tí ọṣẹ bá hó, á ṣàlàyé. Iyán á tutù, ọbẹ̀ á dì, á tún máa ṣàlàyé ohun tó fà á tí ọbẹ̀ fi ń dì. Màmí á ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ jẹun ná. Tẹ́ ẹ bá yó tán, ẹ̀ẹ́ kọ́ wa."

Lọ́dún yẹn, àwọn ará Amẹ́ríkà ti sọ òṣùpá di ọ̀nà oko. Wọ́n á lọ, wọ́n á bọ̀, wọ́n á tún lọ. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún lílọ, ṣùgbọ́n bàbá mi kò ka ìyẹn sí nǹkan kan. "Ẹni tó bá ti ní epo tó pọ̀ tó lè lọ," ló máa ń wí. "Bíbọ̀ niṣẹ́ wà." Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ọkọ̀ òṣùpá sára ilẹ̀kùn kíṣíìnì Màmí. Ó rí bí ife tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ìdí ọkọ̀ náà tẹ́jú, ìdí yẹn ló sì fi ń bọ̀ sílẹ̀. Bàbá mi ní eré tó ń sá pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ kì í ráyè yà, ńṣe ni afẹ́fẹ́ náà á fún pọ̀, á gbóná, á di iná. Tí ọkọ̀ bá dorí kodò jù nígbà tó ń wọlé, á jóná. Tó bá tún fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ á ta á nù padà sókè bí òkúta pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọdé fi ń ta ojú omi. Ọ̀nà tóóró kan báyìí ló wà láàárín. Wọ́n wá fi ohun kan bo ìdí ọkọ̀ náà, ohun tí wọ́n dìídì ṣe kó lè máa jó: bó ti ń jó ló ń bọ́, bó ti ń bọ́ ló ń gbé ooru lọ, ẹni tó wà nínú á sì jókòó jẹ́ẹ́. Fún ìṣẹ́jú mélòó kan rédíò wọn á dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá wọ́n wà tàbí wọn ò sí mọ́. Lẹ́yìn náà, aṣọ ńlá mẹ́ta tó dà bí agboòrùn á là lórí wọn, wọ́n á sì rọra bọ́ sínú òkun. Màmí gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní kí bàbá mi jọ̀ọ́ bu omi díẹ̀ nínú òkun náà, kó fi nu ilẹ̀kùn òun.

Ìgbà ọyẹ́ ni Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó sọ̀ ní Jíbówú pẹ̀lú ẹrù tó tó ti ìyàwó tuntun. Lọ́ńdọ̀nù ló ń lọ. Àǹtí Bọ́lá, àbúrò bàbá mi obìnrin, ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, oyún rẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. Èyí tó kọ́kọ́ bí kò dúró. Wọ́n gbé ọmọ náà fún un nílé ìwòsàn, lọ́jọ́ kẹta ọmọ lọ, kò sì sí ìyá kankan nítòsí tó lè mú un mọ́ra. Nínú lẹ́tà tó kọ sí bàbá mi, ohun kan ṣoṣo ló béèrè: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n wá. Mi ò lè dá a ṣe lẹ́ẹ̀kejì." Bàbá mi ka lẹ́tà náà fún wa nídìí oúnjẹ, kò sì ṣàlàyé ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Wọ́n gba ìwé ìrìnnà, wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tíkẹ́ẹ̀tì dé. Màmá Àgbà di ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn, òrí, èlùbọ́ àti ewé agbo sínú àpótí onírin kan, ó tì í pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́rùn. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó gbéra.

Ọ̀sán Sátidé kan la jókòó lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń bó ẹ̀gúsí. Asọ̀rọ̀mágbèsì ń kùn nínú pálọ̀ pé àwọn tó lọ sínú òṣùpá ti ń padà bọ̀. Màmá Àgbà ní, "Àbẹ̀kẹ́, báwo ni àwọn wọ̀nyẹn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ná?" Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì mi, òun nìkan ló sì ń fi pè mí. Ká ní mo ní làákàyè ni, ǹ bá ní mi ò mọ̀.

"Nínú iná ni, Màmá!"

"Iná báwo?"

"Ohunkóhun tó bá ń ti òkè bọ̀, iná á bò ó. Á pọ́n yòò bí ẹyin iná. Wọn ò ní lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ṣì í ṣe díẹ̀ báyìí, wọ́n á jóná ráúráú, tàbí kí afẹ́fẹ́ lé wọn padà, wọn ò sì ní lè wálé mọ́ láéláé."

Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹ̀gúsí. "Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun, Màmá. Dádì ló sọ bẹ́ẹ̀."

Kò bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó wọlé, mo sì gbọ́ tí àpótí onírin náà ń ké bó ṣe ń ṣí i. Inú mi dùn pé mo kọ́ àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ Ajé, a rí ọṣẹ dúdú nílé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èlùbọ́ dé kíṣíìnì. Nígbà tó di Ọjọ́rú tí bàbá mi rí kànrìnkàn tó yẹ kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, ó lọ jókòó lẹ́bàá Màmá Àgbà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń tú ẹrù?"

"Mi ò lọ mọ́."

"Ẹ ò lọ báwo?"

"O mọ̀ pé iná wà lójú ọ̀nà, o sì fẹ́ fi èmi ìyá rẹ ránṣẹ́ gba ibẹ̀. Mo bí ọ, mo pọ̀n ọ́, mo tọ́ ọ. Kí ni mo fi ṣe ọ́, Wálé?"

Bàbá mi wo Màmí. Màmí wo èmi. Èmi wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mi ò ní sọ ohun tí wọ́n fi etí mi ṣe lọ́jọ́ náà. Bàbá mi wá fi ohùn tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní bàálù kì í dé ibi tí ọkọ̀ òṣùpá ń dé rárá. Inú afẹ́fẹ́ wa níbí ló ti ń fò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì sá eré tó lè dá iná. Kò jáde kúrò nínú afẹ́fẹ́, báwo ló ṣe máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wọlé?

"Ibo ni afẹ́fẹ́ ti wá tán?" Màmá Àgbà bi í.

"Ó jìnnà sókè gan-an, Màmá."

"O ti débẹ̀ rí?"

"Rárá, Màmá."

"Bàálù ńkọ́? O ti wọ̀ ọ́ rí?"

"Mi ò tíì wọ̀ ọ́, Màmá."

Màmá Àgbà yíjú sí Màmí. "Ìyàwó, ṣé o gbọ́?"

Ká ní bàbá mi dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kan iṣẹ́ rẹ̀. Ó pinnu láti fi hàn pé àwọn tó gba inú iná kọjá gan-an ń délé láyọ̀. Ó ní kí Màmí fi ẹyin iná rẹpẹtẹ sí ààrò, ó ti odidi iṣu kan bọ̀ ọ́, ó sì pe gbogbo wa jọ. Iṣu jó, ó dúdú kirimú, èéfín bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bọ̀dá Rábíù kígbe látìsàlẹ̀ pé, "Tíṣà, ṣé kò sí o?" Bàbá mi yọ iṣu náà, ó fọ́ ọ sí méjì bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. "Ẹ wò ó, Màmá. Èèpo ló jó. Ẹ wo inú rẹ̀, ó funfun báláú."

Màmá Àgbà mú díẹ̀, ó fi tọ́ epo pupa tó wà nínú àwo, ó jẹ ẹ́, kò sì yára gbé e mì. "Ó jinná dáadáa," ló wí. "Ṣé bí èmi náà ṣe máa jinná nìyẹn?"

A jẹ iṣu náà tán. Iṣu tó dùn jù tí mo jẹ lọ́dún yẹn ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni lẹ́tà mìíràn tún dé láti ọ̀dọ̀ Àǹtí Bọ́lá, ó ní òun ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń mú yàrá gbóná, ó ní òun ń ka ọjọ́. Bàbá mi ká lẹ́tà náà sápò, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Ẹ̀rù wá bà mí gidi. Mo rí i pé tí Àǹtí Bọ́lá bá tún dá wà níbẹ̀ tí nǹkan bá tún ṣe ọmọ, ẹnu èmi ló fà á. Mo lọ kúnlẹ̀ síwájú Màmá Àgbà, mo ń sunkún, mo ní, "Màmá, ẹ forí jì mí, irọ́ ni mo pa." Ó nu omi ojú mi. "O ò purọ́, Àbẹ̀kẹ́. Bàbá rẹ ti fi iṣu hàn mí."

Bọ̀dá Rábíù ló yọ wá, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀. Màmá Àgbà sọ̀kalẹ̀ lọ gba bùbá tó fún un tún ṣe, ó bá a níbi tó ti ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ṣòkòtò wúlù kan. Ó fi aṣọ tútù lé ṣòkòtò náà kó tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ooru sì ń hó yọ yẹ̀ẹ̀. Mo tẹ̀ lé Màmá, ojú mi ló ṣe.

"Rábíù! Aṣọ ń jó!"

"Kò jó, Ìyá. Èyí òkè ló ń bá a fara gbá a." Ó gbé aṣọ tútù náà sókè. Ó ti gbó, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ níbi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o sẹ́yìn. Ṣòkòtò abẹ́ rẹ̀ ń dán. Màmá Àgbà fọwọ́ kàn án.

"Tí èyí òkè bá wá jó tán ńkọ́?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, màá fi òmíràn lé e ni, Ìyá."

Màmá Àgbà gbàgbé bùbá síbẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn wa bí ọmọge, ó ń pariwo, "Wálé! Wálé! Kí ló dé tí o ò sọ pé aṣọ ni?"

Láàárín wákàtí kan Màmá ti to gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìró márùn-ún ló máa wọ̀ lórí ara wọn. Kíjìpá méjì tó nípọn ló máa wà lóde, nítorí kíjìpá kì í tètè jó. Àdìrẹ méjì á tẹ̀ lé e. Èyí tó dára jù á wà nínú pátápátá, kó lè rí aṣọ iyì fi kí àwọn àna nígbà tí tòkè bá ti jó tán. "Èyí tó bá jó, kó jó," ló wí. Màmí ra kóòtù wúlù kan fún un ní Tejúoṣó nítorí òtútù, ṣùgbọ́n Màmá kọ̀ ọ́. Ó ní irun ẹran ni, ó sì bi wá bóyá a ò tíì gbọ́ òórùn irun tó ń jó rí.

Ìpọ́njú dé bá bàbá mi. Ó ní, "Màmá, kò sí iná," Màmí sì fà á lápá wọ kíṣíìnì. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ya ọkọ̀ òṣùpá sí, mo ń gbọ́ wọn.

"Bàbá Tóyìn, èwo lẹ fẹ́ nínú méjèèjì: kí Màmá gbà pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, àbí kí Bọ́lá rí ìyá rẹ̀?"

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́."

"Mo mọ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí bàbá mi tó jáde. Ó ti fi pẹ́ńsùlù sí etí rẹ̀. Ó fọwọ́ pa kíjìpá náà, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ po, ó gbé e sókè wò nínú ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán wá yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìpele márùn-ún tó, Màmá," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má rẹ ẹ́ sómi nílé. Ẹ dúró di ìgbà tí bàálù bá fẹ́ sọ̀, ẹ wá da omi sí i." Ọkùnrin tó máa ń na ọmọ iléèwé tó bá wọn omi kọjá ààlà ló ń sọ̀rọ̀ báyìí. Mi ò gbọ́ irọ́ mìíràn lẹ́nu bàbá mi títí ó fi kú, mi ò sì rí ìgbà tí mo fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ tí a sìn ín lọ sí pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà, ilẹ̀kùn táksí kọ̀ láti gbà á. Bàbá mi ń fà á níwájú, Bọ̀dá Rábíù ń tì í lẹ́yìn, oòrùn ń ta wá, òógùn ń ṣàn lójú Màmá bí omi ẹ̀rọ. Ó di ìgò omi kan mú bí ẹni di Bíbélì mú. Ọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò bi í pé, "Màmá, kí lẹ wọ̀ tó báyìí?" Màmá wò ó tàánútàánú, ó ní, "Ìwọ ò kúkú lọ síbì kankan." Nígbà tó fẹ́ kí wa pé ó dàbọ̀, kò lè tẹ̀, wọ́n ní láti gbé mi sókè kó tó lè fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó sọ sí mi létí pé, "O ṣeun tí o sọ fún mi, Àbẹ̀kẹ́. Wo gbogbo àwọn èèyàn yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo tún fẹ́ sunkún.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, èkejì lọ. Bàbá mi ń rìn yí pálọ̀ ká, oúnjẹ rẹ̀ ń tutù, kò sì ṣàlàyé ìdí tó fi ń tutù. Ó ní ibi tí rédíò àwọn tó ń ti òṣùpá bọ̀ ti ń dákẹ́ yẹn ni àwa náà wà. Lẹ́tà dé lọ́sẹ̀ kẹta. Màmá ti dé. Àǹtí Bọ́lá ti bí, obìnrin ni, Màmá Àgbà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ kẹta kọjá, ìkẹjọ kọjá, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Bàbá mi fi aṣọ ìnujú fun imú, ó ní eruku ọyẹ́ ni, ó sì ṣàlàyé bí eruku ọyẹ́ ṣe ń ti aṣálẹ̀ wá.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń fi ìtàn yìí pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, mo sọ ọ́ níbi iṣẹ́, mo máa ń ṣe bí Màmá ṣe ń wọ táksí. Nígbà tí Àǹtí Bọ́lá wá wálé, tí èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, mo tún sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun nìkan ni kò rín. Ó ní, "Tóyìn, èmi ni mo lọ pàdé Màmá." Ó ní nígbà tí Màmá jáde, ìró mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Obìnrin òyìnbó kan ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́ mú, kíjìpá tó rin gbingbin sì wà léjìká ọmọ náà. Obìnrin náà ló ròyìn fún un. Ó ní bí bàálù ṣe dorí kọlẹ̀ ni ìyá àgbàlagbà tó jókòó tì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sára aṣọ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá wo ọmọ náà nínú gáùn péńpé tó wọ̀. Ó tú kíjìpá òde, ó fi bò ó látorí dé ẹsẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó dijú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ títí táyà fi kanlẹ̀.

Ojú tì mí nídìí oúnjẹ yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń fi Màmá ṣẹ̀fẹ̀, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé iná yẹn dá a lójú. Ó dá a lójú nígbà tó ń gun àtẹ̀gùn bàálù, ó dá a lójú ní gbogbo wákàtí tó fi jókòó sínú rẹ̀, ó sì lọ, nítorí pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ bímọ. Àǹtí Bọ́lá ní òun bi í lọ́jọ́ náà pé, "Màmá, kí lẹ wá bọ́ aṣọ yín fún ọmọ ọlọ́mọ ṣe?" Ó ní ẹnu ya Màmá pé òun lè béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Wọn ò fi nǹkan kan bo ọmọ náà, Bọ́lá."